Ìṣòro pínpín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́kì ilé

Pínpín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́kì ilé jẹ́ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé kan fi ń lo fáìlì ara wọn láìsí pé a fi fláàṣì gbé e tàbí pé a kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò, orin, fíìmù, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ìṣirò owó ni ó sábà máa ń wà nínú fódà tí a bá pín báyìí. Nítorí pé inú ilé nìkan ni fáìlì náà ti ń rìn, kì í jẹ dátà tí a fi owó rà, ó sì lè ṣiṣẹ́ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí rárá.

Ìṣòro a máa wáyé nígbà tí kọ̀ǹpútà kan kò bá rí èkejì, tàbí tí ó rí i ṣùgbọ́n tí kò lè wọlé, tàbí tí ó wọlé ṣùgbọ́n tí kò lè ṣí fáìlì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn lójú ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n orísun wọn yàtọ̀ síra. Ìdí nìyí tí a fi ń wá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: a ó kọ́kọ́ wo ìsopọ̀, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì, orúkọ, ẹnu-ọ̀nà àti ìdánimọ̀, kí a tó wá dé orí àṣẹ. Ẹni tí kò bá tẹ̀lé irú ètò yìí sábà máa ń pa gbogbo ohun tí ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà rẹ̀ nítorí fódà kan ṣoṣo. Fódà náà lè ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ báyìí kì í ṣe fún ará ilé nìkan.

Ìtàn ní ṣókí

Prótókóòlù ni ìlànà tí ẹ̀rọ méjì fi ń gbọ́ ara wọn yé, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn méjì ṣe nílò èdè kan náà. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ fún pínpín fáìlì nínú ilé ni Server Message Block, tí a ń pè ní SMB. Barry Feigenbaum ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní ọdún 1983. Ilé-iṣẹ́ Microsoft gbà á, ó sì mú un gbòòrò. Ní ọdún 1996, Microsoft fún ẹ̀dà kan lára rẹ̀ ní orúkọ mìíràn, ìyẹn CIFS, orúkọ tí a ṣì ń rí lára àwọn ẹ̀rọ kan títí di òní.

Ní ilẹ̀ Austrálíà, Andrew Tridgell, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Australian National University nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo Unix lè sọ èdè SMB. Ọdún 1992 ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ń wo ọ̀rọ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà ń bá ara wọn sọ lórí wáyà, ó sì ń ti ibẹ̀ mọ ìtumọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀nà yìí wé ti ẹni tí ń lọ jókòó sí ilé kọfí ní ilẹ̀ Faransé títí tí yóò fi gbọ́ èdè wọn. Ètò náà ni a mọ̀ sí Samba lónìí. Tridgell rí orúkọ yìí nígbà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà s, m àti b tẹ̀léra nínú rẹ̀ láti inú àtòjọ ọ̀rọ̀ kan. Samba ni àwọn kọ̀ǹpútà Linux àti ọ̀pọ̀ àpótí ìpamọ́ fáìlì tí a ń tà fún ìlò inú ilé fi ń pín fáìlì.

Windows Vista ni ó mú SMB2 wá ní ọdún 2006, Windows 8 sì mú SMB3 wá ní ọdún 2012. Ní ọdún 2013, Apple sọ SMB2 di ìlànà àkọ́kọ́ fún pínpín fáìlì nínú OS X Mavericks. Láti ìgbà náà, Windows, macOS àti Linux ti ń sọ èdè kan náà lórí ọ̀rọ̀ fáìlì. Microsoft tún ṣe HomeGroup, ọ̀nà ìrọ̀rùn kan tí ó bá Windows 7 jáde ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà 1803 ti Windows 10 ní ọdún 2018. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ tí ó dárúkọ HomeGroup kò ní rí i mọ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, kọ̀ǹpútà onílé ni èyí tí fáìlì wà lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àlejò ni èyí tí ń béèrè fún un. Kọ̀ǹpútà kan náà lè jẹ́ onílé lórí fódà kan, kí ó sì jẹ́ àlejò lórí òmíràn.

Nígbà tí a bá tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà onílé, kọ̀ǹpútà àlejò yóò kọ́kọ́ wá àdírẹ́sì tí orúkọ náà ń jẹ́. Yóò wá fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà gba inú ráútà, yóò sì kan ilẹ̀kùn onínọ́mbà 445, tí í ṣe ẹnu-ọ̀nà SMB. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, àwọn méjèèjì yóò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀dà SMB tí wọn yóò fi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni onílé yóò béèrè orúkọ oníṣe àti ọ̀rọ̀ìpamọ́. Bí ó bá dá àlejò mọ̀, yóò wo fódà tí ó ń béèrè, yóò sì wò ó bóyá a fún un ní àṣẹ láti kà á tàbí láti yí i padà. Ibikíbi tí ìrìn-àjò yìí bá ti dúró ni ìṣòro wà.

Wíwá ìṣòro ní ìpele-ìpele

Ìsopọ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá kọ̀ǹpútà méjèèjì wà lórí nẹ́tíwọ́kì kan náà. Nínú ilé tí a ti ń lo MiFi pẹ̀lú fóònù, ó rọrùn kí kọ̀ǹpútà kan wà lórí MiFi, kí èkejì sì wà lórí hotspot fóònù. Àwọn méjèèjì yóò máa rí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọn kò ní rí ara wọn. Bákan náà ni ti Wi-Fi tí ọ̀pọ̀ ráútà yà sọ́tọ̀ fún àlejò: íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni a ṣe é fún, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ inú ilé. Àwọn ráútà àti MiFi kan tún ní ètò tí ń ya àwọn tí ó wà lórí Wi-Fi kan náà nípa. “AP isolation” tàbí “client isolation” ni a sábà máa ń kọ síbẹ̀. Bí ó bá wà ní títàn, kò sí ohun tí a ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí yóò ṣiṣẹ́.

Ohun méjì mìíràn wà tí a kì í tètè rántí. Èkíní ni VPN: ọ̀pọ̀ ètò VPN a máa dí ọ̀nà nẹ́tíwọ́kì inú ilé nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Èkejì ni oorun: kọ̀ǹpútà onílé tí ó ti sùn láti fi bátìrì pamọ́ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Àdírẹ́sì

Ráútà ni ó ń fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì IP. Láti ọdún 1996, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní RFC 1918 ti ya ọ̀wọ́ àdírẹ́sì mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé: èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 10, èyí tí ó wà láàárín 172.16 àti 172.31, àti èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 192.168. Lórí Windows, àṣẹ ipconfig ni a fi ń wo àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, nọ́ḿbà mẹ́ta àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, bí 192.168.1.20 àti 192.168.1.35. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 192.168.1.20 tí èkejì sì jẹ́ 192.168.8.101, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ráútà méjì ni wọ́n wà. Bí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ láti 169.254, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà náà kò rí ẹni tí yóò fún un ní àdírẹ́sì, ó sì fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan.

Àdírẹ́sì lè yí padà. Nígbà tí iná mànàmáná bá lọ tí ó sì padà dé, ráútà lè pín àdírẹ́sì ní ọ̀tun, kí ọ̀nà àbùjá tí a ti ṣe sórí àdírẹ́sì àtijọ́ má sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ ráútà ní ààyè tí a ti lè ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà onílé títí lọ.

Àṣẹ ping, tí a fi àdírẹ́sì tẹ̀lé, ni a fi ń yẹ ọ̀nà wò. Bí ìdáhùn bá dé, ọ̀nà là. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn kò bá dé, kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà dí, nítorí fáyàwọ́ọ̀lù Windows lè kọ̀ láti dá ping lóhùn.

Orúkọ

Lórí Windows, a lè tẹ \\192.168.1.20 sí ibi tí àdírẹ́sì fódà máa ń wà. Lórí macOS, smb://192.168.1.20 ni a óò tẹ̀ sí “Connect to Server”. Bí nọ́ḿbà bá ṣiṣẹ́ tí orúkọ kò ṣiṣẹ́, ìṣòro náà wà lórí orúkọ nìkan, kò sí ìdí láti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ìpamọ́ tàbí àṣẹ fódà. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà, tàbí pé orúkọ náà gùn ju lẹ́tà 15 tí ìlànà NetBIOS àtijọ́ lè gbà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé kọ̀ǹpútà tí kò hàn nínú àtòjọ “Network” kò sí lórí nẹ́tíwọ́kì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé SMB1, ìlànà kan tí ó so mọ́ ọn ni ó ń ṣe àtòjọ náà. Lónìí, WS-Discovery ni Windows ń lò, ó sì nílò kí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí ń jẹ́ “Function Discovery Resource Publication” máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà onílé. Bí iṣẹ́ náà bá dúró, kọ̀ǹpútà kò ní hàn nínú àtòjọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ yóò wọlé.

Ẹnu-ọ̀nà

Fáyàwọ́ọ̀lù ni ètò tí ń pinnu ẹni tí ó lè kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà. Windows pín nẹ́tíwọ́kì sí oríṣi méjì tí ó kan ará ilé: “Public”, fún ibi gbangba bíi pápákọ̀ òfurufú àti ilé ìtura, àti “Private”, fún ibi tí a fọkàn tán. Lórí “Public”, kọ̀ǹpútà a máa fi ara pamọ́, kì í sì í gba ìbéèrè fún fáìlì. Bí a bá ra ráútà tuntun tàbí tí a yí orúkọ Wi-Fi padà, Windows lè ka nẹ́tíwọ́kì ilé sí ti gbangba, kí ohun tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ sì dúró lójijì. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a yí nẹ́tíwọ́kì náà sí “Private”, kí a sì tan “Network discovery” àti “File and printer sharing”. Kò sí ìdí láti pa fáyàwọ́ọ̀lù pátápátá.

Nínú PowerShell, àṣẹ Test-NetConnection 192.168.1.20 -Port 445 yóò sọ bóyá ilẹ̀kùn SMB ṣí. Bí ó bá dáhùn “True” níwájú TcpTestSucceeded, gbogbo ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ ti dára. Orí ìdánimọ̀ àti àṣẹ nìkan ni ó kù láti wò. Bí ó bá jẹ́ “False” bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fáyàwọ́ọ̀lù Windows gbà á láàyè, ó yẹ kí a wo ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí ó lè ní fáyàwọ́ọ̀lù tirẹ̀.

Ìdánimọ̀

Ìpele yìí ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jùlọ. Orúkọ oníṣe àti ọ̀rọ̀ìpamọ́ tí a ń béèrè jẹ́ ti kọ̀ǹpútà onílé, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà àlejò tí a jókòó ti, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ìpamọ́ Wi-Fi.

PIN tí a fi ń ṣí kọ̀ǹpútà Windows láràárọ̀ kò wúlò níhìn-ín. Orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a ti ṣe é ni PIN ti ń ṣiṣẹ́. Nẹ́tíwọ́kì kì í gbà á. Ẹni tí ó ń lo àkántì Microsoft gbọ́dọ̀ tẹ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ìpamọ́ àkántì náà gan-an, èyí tí ó lè ti gbàgbé láti ìgbà tí ó ti ń lo PIN. Àkántì tí kò ní ọ̀rọ̀ìpamọ́ kankan kò ní wọlé pẹ̀lú, nítorí Windows kì í jẹ́ kí irú àkántì bẹ́ẹ̀ gba orí nẹ́tíwọ́kì wọlé àyàfi tí a bá yí ètò rẹ̀ padà. Ọ̀nà tí ó mọ́ jùlọ ni láti ṣí àkántì abẹ́lé kan lórí kọ̀ǹpútà onílé fún pínpín fáìlì nìkan, kí a sì fún un ní ọ̀rọ̀ìpamọ́ tirẹ̀.

Windows tún máa ń rántí ọ̀rọ̀ìpamọ́ àtijọ́. Bí a bá yí ọ̀rọ̀ìpamọ́ padà lórí onílé, àlejò lè máa fi ti tẹ́lẹ̀ kan ilẹ̀kùn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Inú “Credential Manager” ni a ti ń pa èyí tí ó ti gbó rẹ́. Windows kì í sì í gbà kí ènìyàn kan fi orúkọ oníṣe méjì wọ kọ̀ǹpútà onílé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣẹ net use * /delete ni a fi ń tú gbogbo ìsopọ̀ àtijọ́ ká kí a tó tún gbìyànjú.

Lórí Linux, Samba ní ìwé ọ̀rọ̀ìpamọ́ tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà. Àṣẹ smbpasswd -a ni a fi ń kọ oníṣe sínú rẹ̀, àṣẹ testparm sì ni a fi ń yẹ fáìlì ètò Samba wò bóyá àṣìkọ wà níbẹ̀. Lórí macOS, lábẹ́ “File Sharing”, a gbọ́dọ̀ fi àmì sí iwájú orúkọ oníṣe tí a fẹ́ kí ó lè wọlé láti orí Windows.

Àṣẹ

Lórí Windows, ẹ̀ṣọ́ méjì ni ó wà lẹ́nu fódà tí a pín. Ọ̀kan ni àṣẹ pínpín, tí ó kan àwọn tí ó gba orí nẹ́tíwọ́kì wá. Èkejì ni àṣẹ NTFS, tí ó wà lára fáìlì fúnra rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, èyí tí ó le jù ni yóò borí. Bí àṣẹ pínpín bá gba kíkọ láàyè, ṣùgbọ́n tí NTFS gba kíkà nìkan, kíkà nìkan ni àlejò yóò lè ṣe.

Nígbà mìíràn gbogbo fáìlì inú fódà yóò ṣí àfi ọ̀kan tàbí méjì. Ìdí kan ni pé fáìlì tí a gbé láti fódà mìíràn lórí dísíìkì kan náà lè mú àṣẹ ibi tí ó ti wá dání, nígbà tí èyí tí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ yóò gba àṣẹ fódà tuntun.

Àwọn nọ́ḿbà àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

- 53 tàbí 0x80070035: a kò rí ọ̀nà. Kí a padà sí ìpele ìsopọ̀ títí dé ẹnu-ọ̀nà.
- 67 tàbí 0x80070043: a rí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí fódà tí ń jẹ́ orúkọ tí a tẹ̀.
- 1326: orúkọ oníṣe tàbí ọ̀rọ̀ìpamọ́ kò tọ̀nà.
- 1219: orúkọ oníṣe mìíràn ti wà lórí ìsopọ̀ sí kọ̀ǹpútà náà.
- 5: a dá àlejò mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ lórí ohun tí ó béèrè.
- 1272: fódà náà ń gba ènìyàn wọlé láìbéèrè ìdánimọ̀, Windows sì kọ̀ láti wọ ibẹ̀.
- 384: SMB1 nìkan ni kọ̀ǹpútà onílé gbọ́.

Ìlọ́ra

Fífà ní ìdí tirẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ àìwọlé. Wáyà tí ń gbé mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kò lè ju mẹ́gábáìtì 12.5 lọ, nítorí bíìtì mẹ́jọ ni báìtì kan. Fíìmù gígábáìtì 10 yóò gbà ju ìṣẹ́jú 13 lọ lórí rẹ̀. Lórí èyí tí ń gbé gígábíìtì kan, bí ìṣẹ́jú-àáyá 80 ni, bí dísíìkì bá lè bá a sáré. Wáyà onígígábíìtì tí ọ̀kan nínú okùn rẹ̀ ti já a máa padà sí 100 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí fáìlì ńlá kan bá sì kọ̀ láti wọ dísíìkì ìta nígbà tí àwọn kéékèèké ń wọ̀ ọ́, ó yẹ kí a wò ó bóyá FAT32 ni dísíìkì náà, nítorí kì í gba fáìlì kan tí ó tó gígábáìtì 4.

Ààbò

Ìmọ̀ràn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ fún ìṣòro yìí: kí a pa fáyàwọ́ọ̀lù, kí a pa bíbéèrè ọ̀rọ̀ìpamọ́, kí a sì dá SMB1 padà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú kí fódà ṣí, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń tàn kálẹ̀. Ohun tí ó lè ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ hàn gbangba ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí WannaCry tú jáde. Ètò aṣebi ni WannaCry. A máa ti fáìlì ènìyàn pa, a sì máa béèrè owó kí ó tó tú wọn sílẹ̀. Àbùkù kan nínú SMB1 ni ó gbà wọlé, ó sì ń ti ara kọ̀ǹpútà kan fò sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Ó dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ, ó sì da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn rú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Microsoft ti gbé àtúnṣe àbùkù náà jáde láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún náà. Àwọn kọ̀ǹpútà tí kò gba àtúnṣe ni ó kó sí i lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, pẹ̀lú ẹ̀dà 1709 ti Windows 10, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí yọ SMB1 kúrò. Ẹ̀dà 24H2 ti Windows 11 Pro tún lọ síwájú: ó ń béèrè kí a fi òǹtẹ̀ sí ìbánisọ̀rọ̀ SMB, kì í sì í wọ fódà tí kò béèrè ìdánimọ̀. Nítorí náà, àpótí ìpamọ́ fáìlì tí ó ti pẹ́ lè dédé dẹ́kun iṣẹ́ lẹ́yìn àtúnṣe Windows. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a tún ṣe, kì í ṣe Windows: kí a gba ẹ̀dà tuntun ètò tí ń darí rẹ̀, kí a tan SMB2 tàbí SMB3 lórí rẹ̀, kí a sì fún un ní orúkọ oníṣe àti ọ̀rọ̀ìpamọ́. Bí kò bá ní ẹ̀dà tuntun mọ́, ó sàn kí a kó fáìlì inú rẹ̀ sí ibòmíràn.

A kò sì gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn 445 lórí ráútà sí íntánẹ́ẹ̀tì. Fódà tí gbogbo ará ilé ń lò kò nílò ju kí a lè kà á lọ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àṣẹ kíkọ ni kí a fún ẹni tí ó nílò rẹ̀ nìkan. Bí ètò aṣebi bá wọ kọ̀ǹpútà àlejò kan, kò ní lè gba ọ̀dọ̀ àlejò náà ba fáìlì tí a kò fún un láṣẹ láti kọ. Pínpín fáìlì kì í sì í ṣe ìpamọ́: ohun tí a bá pa rẹ́ nínú fódà tí a pín ti lọ fún gbogbo ilé, nítorí náà ó yẹ kí ẹ̀dà mìíràn wà lórí dísíìkì tí a yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà.